Géètì Onígi ní Ìlódè: Bí Onílé Ṣe Lè Gbà Á Lọ́wọ́ Òjò, Oòrùn àti Ikán

Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀tá, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ géètì onígi rí. Ní Ìlódè, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò ńlá márùn-ún tí a fi mọ Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú Ìrẹmọ, Mọ̀ọ́rè, Òkèrèwè àti Ìlàrè, òjò máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá ọdún. Bí òjò bá dá, oòrùn yóò gbà á. Bí ọdún bá ń lọ sópin, ọyẹ́ á dé pẹ̀lú eruku rẹ̀. Géètì tó wà lẹ́bàá títì, tí kò ní òrùlé lórí, ni gbogbo ìwọ̀nyí ń dà lé.

Ọ̀pọ̀ onílé ló ti ná owó gọbọi lórí géètì onígi, tí wọ́n sì rí i pé kò ju ọdún mélòó kan lọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi jẹrà, tí ó wọ́, tí kò sì ṣeé tì mọ́. Wọ́n á yọ ọ́ dà nù, wọ́n á gbé onírin síbẹ̀, wọ́n á sì máa sọ fún aládùúgbò pé igi kò dára fún ìta. Ṣùgbọ́n kì í ṣe igi ló jẹ̀bi. Omi tó bọ́ sára igi, tó sì ṣàn lọ, kì í pa igi. Omi tó ráyè wọlé, tí kò wá rí ọ̀nà jáde, ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí, tó sì fi í sọ́kàn láti orí igi tó fẹ́ rà títí dé orí ọ̀dà tó fẹ́ kùn, géètì rẹ̀ yóò pẹ́. Ìdí nìyí tí a fi kó àwọn àlàyé wọ̀nyí jọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

OHUN TÓ Ń BA IGI JẸ́ NÍTA

Igi dà bí kànrìnkàn. Bí afẹ́fẹ́ bá ní ọ̀rinrin, á fa omi mu, á sì wú. Bí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á sì sún kì. Ìdí rèé tí géètì tó ń tì wọ́ọ́rọ́wọ́ ní oṣù kìn-ín-ní fi máa ń há nígbà tó bá di oṣù kẹfà. Bí omi inú igi bá ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ nígbà tó gbẹ pátápátá lọ, tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn olu wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n jẹ́ ẹbí olu tí à ń jẹ, yóò ráyè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Àwọn ni wọ́n ń fa ìjẹrà. Igi tí omi inú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ kì í jẹrà, ìyẹn ni igi àjà ilé ṣe lè lo ọ̀pọ̀ ọdún bí ikán kò bá ti dé ibẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ara igi ló ń mu omi bákan náà. Nígbà tí igi wà lóòró, àwọn ihò tínńtín tó gùn bí ọ̀pá ló ń gbé omi láti gbòǹgbò lọ sí ewé. Bí ayùn bá gé pákó ní ìbú, ẹnu àwọn ihò náà á wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ojú gígé yìí ń mu omi ní ìlọ́po púpọ̀ ju ojú pẹrẹsẹ pákó lọ. Lára géètì, àwọn ojú gígé wọ̀nyí wà ní orí pákó kọ̀ọ̀kan, ní ẹsẹ̀ rẹ̀, àti nínú oríkèé ibi tí igi ti wọ inú igi. Ibẹ̀ gan-an ni ìjẹrà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Oòrùn ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìtànṣán rẹ̀ tí ojú kò lè rí máa ń ba ohun tó dà bí àtè tó so igi pọ̀ jẹ́. Igi náà á kọ́kọ́ pa àwọ̀ dà, á wá di aláwọ̀ eérú, ojú rẹ̀ á sì máa hó. Bí fáníìṣì bá wà lórí rẹ̀, igi tó hó lábẹ́ ni yóò jẹ́ kí fáníìṣì náà ṣí.

Ní ti ikán, inú ilẹ̀ ló ti ń wá. Ó fẹ́ràn igi tó rin tó sì kan ilẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀nà alámọ̀ tín-ín-rín lára òpó géètì, ikán ti gbéra nìyẹn.

OHUN TÍ ÀWỌN BABA WA TI MỌ̀

Àwọn baba wa kò ní fáníìṣì, síbẹ̀ ilẹ̀kùn wọn pẹ́. Ohun méjì ni wọ́n gbójú lé: igi tó le, àti òrùlé tó yọ síta. Nínú agboolé àtijọ́, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilẹ̀kùn máa ń wà. Òjò ń rọ̀ sí àgbàlá, kì í rọ̀ sí ilẹ̀kùn.

Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ́nù. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum gbà á, wọ́n sì fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ránṣẹ́ sí Ògògà dípò rẹ̀. Ó ti lé ní 100 ọdún báyìí tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀kùn náà, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Ààfin ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ẹ̀bá títì. Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí náà, Olóògbé Lámídì Fákẹ́yẹ, ẹni tí wọ́n bí ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1928, tó sì di olóògbé ní 2009, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ilẹ̀kùn fífín wà lára iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Géètì ojú títì kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí yóò sá sí. Nítorí náà, ohun tí òrùlé ń ṣe fún ilẹ̀kùn ààfin ni a gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn láti ṣe fún un.

IGI WO LÓ YẸ KÍ Ẹ RÀ?

Ìrókò, apá, ọ̀pẹ̀pẹ̀ àti tííkì wà lára àwọn igi tó lè fara da ìta. Apá le jù, ó sì wúwo. Ìdígbó náà ṣeé lò bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Arère fúyẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì rọrùn láti rẹ́, ṣùgbọ́n olu àti kòkòrò máa ń tètè jẹ ẹ́. Afárá funfun kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ju ti arère tàbí afárá lọ gbọ́dọ̀ fi oògùn igi sí i, kí ó sì kùn ún ní ọ̀dà tó bò ó dáadáa.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta pákó kì í sábà sọ. Kódà lára ìrókò, ìhà funfun tó sún mọ́ èèpo kò lágbára. Inú igi, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n tàbí tó dúdú díẹ̀, ni agbára wà. Bí ẹ bá dé ìsọ̀ pákó, ẹ yẹ pákó náà wò ní ojú gígé rẹ̀. Èyí tí ìhà funfun bá pọ̀ lára rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ ìrókò tàn yín. Ẹ tún bèèrè bóyá ó ti gbẹ. Pákó tútù tí a bá fi kan géètì yóò sún kì, yóò wọ́, yóò sì là lẹ́yìn tí a bá ti kùn ún tán. Ẹni tó bá fẹ́ ìmọ̀ tó jinlẹ̀ lórí igi ilẹ̀ wa lè tọ Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Ìmọ̀ Igbó ti Nàìjíríà lọ ní Ìbàdàn, èyí tó ti wà láti 1954.

BÍ KÁFÍŃTÀ ṢE YẸ KÓ KÀN ÁN

Ìdáàbòbò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ káfíńtà, kì í ṣe lọ́wọ́ akunlé. Ẹ bá a sọ ọ́ kó tó gbé ayùn.

Ìkíní, ẹsẹ̀ géètì kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Kí àlàfo tó tó sẹ̀ǹtímítà 5 wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹrẹ̀ tí òjò ń ta má baà máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìkejì, kí orí géètì àti orí òpó dà gẹ̀rẹ́, kí omi má lè dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe fìlà lé wọn lórí, òrùlé kékeré nìyẹn. Owó tí yóò gbà kò tó nǹkan, èrè rẹ̀ sì pọ̀.

Ìkẹta, kí àlàfo mílímítà 3 sí 5 wà láàárín pákó kan sí èkejì, kí wọ́n lè rí àyè wú nígbà òjò. Pákó tó kanra pinpin yóò ti ara rẹ̀ títí tí férémù yóò fi yẹ̀.

Ìkẹrin, igi àgbélébùú tó ń gbé ìwúwo géètì gbọ́dọ̀ ti ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ híńjì gòkè lọ sí òkè lọ́dọ̀ kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá dorí kodò, géètì yóò wọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa fa ilẹ̀.

Ìkarùn-ún, kí ìṣó, sukúrù àti híńjì jẹ́ èyí tí kì í tètè dípẹtà. Ìṣó tó bá dípẹtà máa ń sọ ihò rẹ̀ di gbàgbà, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé.

Ìkẹfà, bí òpó bá jẹ́ onígi, ẹ má ṣe rì í mọ́ inú kọnkéré bí ẹni gbin ẹ̀gẹ́. Kọnkéré náà yóò di ago tó ń gbá omi dúró sí ẹsẹ̀ òpó. Bàtà onírin tó gbé e kúrò nílẹ̀ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌMÚRASÍLẸ̀

Ọ̀dà tó dára jù lọ kò ní mọ́ ara igi tó dọ̀tí tàbí tó rin. Ẹ fọ géètì náà, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan tí oòrùn mú. Ẹ fi sándípépà àádọ́rin ó lé mẹ́wàá, ìyẹn nọ́ńbà 80, ha á, lẹ́yìn náà ẹ fi nọ́ńbà 120 tẹ̀ lé e. Ibi tí ìlà igi bá ń lọ ni kí ọwọ́ yín máa lọ. Ẹ dí ojú ìṣó àti ibi tó bá là. Ẹ nu eruku rẹ̀ kúrò pátápátá.

Ìrókò nílò àmójútó méjì. Eruku rẹ̀ máa ń yún ni lára, ó sì máa ń dá imú àti ọ̀fun láàmú, nítorí náà ẹ bo imú yín. Èkejì, oje tó wà nínú rẹ̀ lè má jẹ́ kí àwọn fáníìṣì kan gbẹ. Ẹ fi aṣọ tí ẹ ti rì bọ inú tíńnà nu ún, kí ẹ tó kùn ún.

KÍ LẸ FẸ́ FI KÙN ÚN?

Oògùn igi ni àkọ́kọ́. Solignum ni ọ̀pọ̀ káfíńtà wa mọ̀ jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dènà kòkòrò àti ìjẹrà. Ní ti omi àti oòrùn, ohun mìíràn ni yóò gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí a bá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, kì í wọ inú igi jìnnà. Nítorí náà, kí a tó to àwọn pákó pọ̀, ó dára kí a gbé ẹsẹ̀ wọn dúró sínú rẹ̀ nínú abọ́ fẹ̀ẹ́rẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ojú gígé mu ún yó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi nǹkan mìíràn lé e.

Èkejì ni òróró. Òróró línsíìdì tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ ọ̀dà ni a ń sọ, kì í ṣe epo pupa, àdí tàbí òróró ẹ̀pà. Línsíìdì máa ń gbẹ bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, àwọn tiwa tí a fi ń se oúnjẹ kì í gbẹ. Wọ́n á kàn máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, eruku á máa mọ́ wọn, èbu á sì hù lé wọn lórí. Línsíìdì jẹ́ kí ẹwà igi hàn, kì í sì í ṣí, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni a óò máa tún un kùn. Ẹ ṣọ́ra gidigidi: aṣọ tí a fi pa á, bí a bá ká a jọ sójú kan, lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní gbangba títí tí yóò fi gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Ẹ̀kẹta ni fáníìṣì. Èyí tí a ń kùn sára àga inú ilé kò yẹ géètì. Ẹ bèèrè fún èyí tí wọ́n ṣe fún ìta tàbí fún ọkọ̀ ojú omi, nítorí pé ó lè nà bí igi bá wú, ó sì ní ohun tó ń dènà oòrùn. Síbẹ̀, fáníìṣì tó mọ́ gaara ni kì í pẹ́ nínú oòrùn tiwa. Bí ó bá sì ti là níbì kan, omi á wọ abẹ́ rẹ̀, kò sì ní rọ́nà jáde.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀dà. Òun ló ń dènà oòrùn jù lọ nítorí pé ó bo igi pátápátá. Pírámà ni à ń kọ́kọ́ kùn, lẹ́yìn náà ọ̀dà gúlọ́ọ̀sì ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀dà ògiri tí wọ́n ń fi omi pò kì í ṣe ti géètì. Ẹ rántí pé àwọ̀ dúdú máa ń fa ooru mọ́ra ju àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ lọ, igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì tètè là.

Ní tiwa, bí géètì bá jẹ́ arère tàbí afárá, oògùn igi àti ọ̀dà ló bá a mu. Bí ó bá jẹ́ ìrókò tàbí apá, tí onílé sì fẹ́ kí ẹwà rẹ̀ hàn, òróró ló dára, nítorí pé títún un kùn kò ní kí a kọ́kọ́ ha èyí tó wà nílẹ̀ kúrò. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ kun ojú gígé orí àti ẹsẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán.

Ní ti epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò tán, tí àwọn kan ń gbà lọ́wọ́ mẹkáníìkì láti fi pa igi, a kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú. Májèlé irin wà nínú rẹ̀, òjò yóò wẹ̀ ẹ́ sínú ilẹ̀, ó lè dé kànga, àwọn ọmọdé yóò sì máa fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ọ̀dà kankan mọ́ igi náà mọ́ láéláé. Nílẹ̀ òkèèrè pàápàá, oògùn igi tí wọ́n fi àséníìkì ṣe, tí wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni àwọn tó ń ṣe é ní Amẹ́ríkà dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró fún igi tó wà nílé àwọn ènìyàn ní ìparí 2003.

ÀSÌKÒ TÓ YẸ

Oṣù kọkànlá ló dára jù ní Ilé-Ifẹ̀. Òjò ti dá, igi ti ń gbẹ, eruku ọyẹ́ kò sì tíì pọ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ kí ìrì tó gbẹ láàárọ̀, ẹ má sì ṣe kùn ún títí di àṣálẹ́. Ẹ má ṣe kùn ún nínú oòrùn ganrínganrín, nítorí pé ojú ọ̀dà yóò gbẹ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù, yóò sì lé ròrò. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ọjọ́ kan sì wà láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì.

Ẹ yọ géètì kúrò lára híńjì bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ lè kun iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, orí àti ẹsẹ̀. Géètì tí a kun iwájú rẹ̀ nìkan, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò máa mu omi, iwájú kò ní mu, pákó yóò sì tẹ̀.

BÍ GÉÈTÌ BÁ TI DÀGBÀ

Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, májèlé sì ni òjé fún ọpọlọ ọmọdé. Bí ẹ bá fẹ́ ha irú rẹ̀, ẹ fi omi rin ín kí eruku má baà fò, ẹ bo imú, kí ẹ sì lé àwọn ọmọ jìnnà.

Ibi tó ti jẹrà, ẹ má ṣe fi ọ̀dà bò ó. Ẹ fi ọ̀bẹ gún un wò. Bí ó bá wọlé wẹ́rẹ́, káfíńtà ni kó gé ibẹ̀ títí yóò fi kan igi tó le, kó fi oògùn sí i, kó sì fi igi irú rẹ̀ dí i. Ẹsẹ̀ pákó méjì tó jẹrà kò tó ohun tí a ó torí rẹ̀ gbé odidi géètì jù nù.

ÌTỌ́JÚ ỌDỌỌDÚN

Ní oṣù kejì, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ẹ ta omi díẹ̀ sára géètì. Bí omi náà bá dì wóróǹwóróǹ tó sì ṣàn, ohun tí ẹ kùn ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí igi bá fà á mu, tí ojú ibẹ̀ sì dúdú, ó ti tó láti tún un kùn. Ẹ wo ẹsẹ̀ àti oríkèé, kí ẹ fi ọ̀dà tàbí òróró tọ́ ibi tó bá ṣí. Ẹ kó yẹ̀pẹ̀, ewé àti koríko tó bá dé abẹ́ rẹ̀ kúrò. Ẹ fi epo sí híńjì, kí ẹ sì wá ọ̀nà ikán. Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ jáde lọ wo ibi tí omi dúró sí lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ oṣù kọkànlá yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní wàhálà yìí ti pọ̀ jù, pé géètì onírin ló kúkú dára. Irin náà ń dípẹtà, ọ̀dà ni òun náà ń fẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, igi gidi ti ń wọ́n. Ní 2022, níbi ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tó wáyé ní Panama lórí ohun abẹ̀mí tó fẹ́ run, wọ́n fi apá àti ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà sínú ìwé àwọn igi tí a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí a tó ta pákó wọn kọjá ẹnubodè. Ẹni tó bá ní géètì ìrókò tàbí apá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Ìlódè lónìí, ohun tó ní lọ́wọ́ kò ní rọrùn láti rí rà lọ́la. Agolo òróró kan àti iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́dún ni yóò fi pa á mọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀.